Sítíárìn ọkọ̀ yín ń mì? Ẹ má tíì ra ráàkì, ẹ kọ́kọ́ yẹ òpó rẹ̀ wò

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ kó sí kòtò kan lọ́nà ibi iṣẹ́, ẹ sì gbọ́ "gbàgà" lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ ṣe di sítíárìn mú láti fi gbé ara yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ rí i pé ó bá yín wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní kò sí nǹkan. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń mì lọ́wọ́ yín bí eyín ọmọ ọdún méje.

Ẹ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ bá mi wo sítíárìn yìí, ó ń mì."

"Hà, Alhaji, ráàkì ti lọ nìyẹn. Ẹ máa ra ráàkì ni."

Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ o. Ẹ ra ráàkì, wọ́n bá yín dè é, ẹ padà jókòó sínú ọkọ̀, sítíárìn ṣì ń mì bó ṣe ń mì tẹ́lẹ̀. Owó ti lọ, àìsàn ò lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí kò pọ̀: pé sítíárìn ń mì, ìyẹn ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ bóòtù kan tó dẹ̀, tí sípánà máa fún ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sì lè jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí sítíárìn yí lófìfo lójú márosẹ̀, kí ọkọ̀ máa lọ síbi tó bá wù ú. Méjèèjì lè jọra lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Àyẹ̀wò tó máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn kò le, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì gba irinṣẹ́ kankan.

Ohun tó wà láàárín ọwọ́ yín àti táyà

Ọ̀nà tó jìn díẹ̀ ni agbára ọwọ́ yín ń gbà kó tó dé táyà, ibikíbi lójú ọ̀nà yẹn ló sì lè dẹ̀.

Èkíní ni sítíárìn róbótó tí ẹ ń dì mú. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló sábà máa ń dè é mọ́ orí irin tó wà láàárín rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, abẹ́ ẹ́ábáàgì ni nọ́ọ̀tì yìí fara pamọ́ sí.

Èkejì ni òpó sítíárìn. Páìpù irin ni. Irin gbọọrọ kan ló ń yí nínú rẹ̀, bíárìn ló sì di irin náà mú kó má baà yẹ̀. Bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, ló so òpó yìí rọ̀ mọ́ irin ńlá tó dábùú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ara òpó yìí náà ni ọwọ́ kékeré tí a fi ń gbé sítíárìn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta ni irin kúkurú tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín kọjá, nítòsí bíréèkì, tó so òpó mọ́ ráàkì. Ọ̀nà rẹ̀ kò tọ́, ìdí nìyẹn tó fi ní oríkèé bí ìgbọ̀nwọ́. Bóòtù kan ló ń fún ọrùn oríkèé yìí kó má baà yọ.

Ẹ̀kẹrin ni ráàkì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú táí-rọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó wà lẹ́bàá táyà.

Oríṣi mẹ́ta ni ìmì

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú mẹ́ta yìí.

Oríṣi kìíní: gbogbo sítíárìn ń lọ sókè sódò, tàbí ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, láìjẹ́ pé ẹ yí i. Bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ dúró, ó ń ṣe é. Òpó ni kẹ́ ẹ fura sí.

Oríṣi kejì: sítíárìn dúró dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá yí i, ó máa yí díẹ̀ kí táyà tó dáhùn. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pléè. Ọkọ̀ á máa ṣe bí ọ̀mùtí lójú títì, ẹ ó sì máa tún ọwọ́ ṣe ní gbogbo ìgbà kó tó lọ tààrà. Oríkèé, ráàkì tàbí táí-rọ́ọ̀dù ló sábà máa ń fà á.

Oríṣi kẹta: sítíárìn ń gbọ̀n rìrì. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí eré bá ti tó bíi 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan ló ń gbọ̀n, kí wọ́n kọ́kọ́ bá yín ṣe bálánsì táyà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni, dísìkì bíréèkì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Òpó sítíárìn kò sábà mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè fúnra yín ṣe

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ rí i pé ọwọ́ kékeré tó ń gbé sítíárìn sókè sódò há dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òun nìkan ni kò há.

Ẹ fi ọwọ́ kan di òkè sítíárìn mú, ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀. Ẹ má yí i o. Ẹ tì í sókè, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì, ẹ fà á sí àyà yín, ẹ tì í padà. Bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ máa wo ike tó bo òpó náà.

Bí sítíárìn àti ike bá jọ ń mì pọ̀, bóòtù tó so òpó mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló dẹ̀, tàbí ibi tí òpó ti ń tẹ̀ sókè sódò ló ti jẹ. Bí ike bá dúró jẹ́ẹ́ tó jẹ́ sítíárìn nìkan ló ń mì, nọ́ọ̀tì àárín ni, tàbí bíárìn òkè.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú tààrà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí gíá wà ní P tàbí nútírà, kí bíréèkì ọwọ́ ṣì wà lókè. Ẹ yọrí lójú wíńdò kí ẹ lè máa rí táyà. Ẹ yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì, kí ẹ wo ibi tó máa yí dé kí táyà tó mira. Nínú ìwé àtúnṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, 30 mílímítà ni wọ́n fi ṣe òpin, ìyẹn tí ẹ bá wọ̀n ọ́n létí sítíárìn. Kò ju fífẹ̀ ìka méjì lọ. Bí tiyín bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ wá ní kí ẹnì kan jókòó sí ipò awakọ̀ kó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo irin kúkurú tó wà níbi ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín jìnnà sí i o, wíwò ni. Bí apá òkè oríkèé bá ti ń yí kí apá ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹ bá ń gbọ́ "kọ́, kọ́" níbẹ̀, oríkèé ti jẹ, àbí kí bóòtù ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá jọ ń yí pọ̀ ṣùgbọ́n tí táyà ò tètè dáhùn, ẹ fi òpó sílẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Fún abẹ́ ọkọ̀, ó sàn kí mẹkáníìkì bá yín fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, kó sì fi irin ìdúró sí i lábẹ́. Jáàkì nìkan ò tó. Kó di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà mú, kó sì mì ín. Bó bá yẹ̀, táí-rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì-ẹ́ńdì ni kó wò. Kó di òkè àti ìsàlẹ̀ mú, kó tún mì ín. Bó bá yẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí bíárìn táyà ni. Lẹ́yìn èyí ni ẹnikẹ́ni tó lè pe orúkọ ráàkì.

Tó bá jẹ́ òpó ló dẹ̀

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ẹ́ábáàgì pàdé. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àti àárín sítíárìn kún fún wáyà rẹ̀. Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n yọ orí bátìrì tí àmì rẹ̀ jẹ́ òdì, kí wọ́n sì dúró díẹ̀. Toyota ní kó má dín ní 90 ìṣẹ́jú-àáyá, torí pé iná ṣì máa ń ṣẹ́ kù nínú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bátìrì. Ẹ́ábáàgì tó bá bú lójú ẹni tó tẹrí ba mọ́ ọn lè fọ́ ojú, ó sì lè ṣẹ́ egungun. Ẹ má jẹ́ kí rewáyà kankan fi iná dán wáyà rẹ̀ wò.

Tó bá jẹ́ bóòtù òpó ni, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Wọ́n á tú ike abẹ́ sítíárìn, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì wá bóòtù náà. Èyí tó dẹ̀ kì í ṣòroó mọ̀: irin tó yí i ká á ti máa dán bíi pé wọ́n fi yanrìn ha á, tàbí kí ìyẹ̀fun ìpẹtà wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ wọ gbogbo bóòtù sójú ihò wọn ná, kí wọ́n tó wá fi sípánà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan pa kí àwọn yòókù tó wọlé, òpó á wọ́.

Bí bóòtù kan bá ń yí tí kò gbá, okùn rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó wà nílẹ̀ nínú agolo rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo orí bóòtù: ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 8.8 tàbí 10.9. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe le tó. Èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba ní gígùn, ní sísanra àti ní nọ́ńbà.

Bí gbogbo bóòtù bá há tí òpó ṣì ń mì, ó kù sí ibi tó ti ń tẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan, nọ́ọ̀tì ìdí ọwọ́ kékeré yẹn ló dẹ̀, fífún ló sì máa gbà. Nínú òmíràn, pín-ìn-nì tàbí búùṣì tó wà níbẹ̀ ti jẹ tán, odindi òpó ni wọ́n á pààrọ̀.

Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì àárín sítíárìn ni, ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó rí i. Ìfún rẹ̀ ní ìwọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ Toyota, 50 Newton-mítà ni, sípánà tó ń ka ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ní i. Bí kò bá ní, kó lọ yá a.

Tó bá jẹ́ oríkèé tó wà níbi ẹsẹ̀ ni, èyí gba ìfarabalẹ̀ jù. Irin náà ní eyín wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọnú ara wọn, ó sì sábà máa ń ní ihò tóóró lára tí bóòtù gbọ́dọ̀ kọjá. Bí irin ò bá wọlé dé ìdí, bóòtù á há lóòótọ́, àmọ́ kò ní di nǹkan kan mú. Bí eyín ti jẹ, fífún bóòtù kò lè wò ó sàn. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kí wọ́n tó tú u, kí táyà kọjú síwájú tààrà, kí wọ́n fi bẹ́líìtì ìjókòó so sítíárìn mọ́lẹ̀ kó má baà yí. Ìdí ni pé wáyà pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ sítíárìn tí wọ́n ká bí ẹní, òun ló ń gbé iná lọ fún ẹ́ábáàgì àti fèrè. Bí sítíárìn bá yí léraléra nígbà tí oríkèé ti tú, wáyà yẹn á já.

Kí ló dé tí kò fi yẹ kí wẹ́dà jó o pọ̀?

Ìmọ̀ràn tí àwọn kan máa ń fúnni nìyí: "Ẹ jẹ́ ká kúkú pe wẹ́dà, kó jó o mọ́ra, kò ní mì mọ́ láéláé." Òótọ́ ni, kò ní mì mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n ń bà jẹ́.

Láyé àtijọ́, òpó sítíárìn le gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀kọ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iwájú ọkọ̀ á tì í sẹ́yìn, àyà awakọ̀ ló sì máa ń gbà á. Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1967 ni General Motors ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òpó tó ń sún wọnú ara rẹ̀ nígbà ìjàǹbá. Láti oṣù kìíní ọdún 1968, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé òpó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ gún awakọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibi tí bóòtù ti so òpó rọ̀ gan-an ni wọ́n fi ike tàbí irin rírọ̀ sí, kó lè já lásìkò, kí òpó sì sún.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wẹ́dà fẹ́ jó pọ̀. Tó bá ti jó o, òpó yín ti padà di ọ̀kọ̀ ọdún 1960. Wáyà dídì àti igi tí àwọn mìíràn ń há sábẹ́ rẹ̀ náà ò yàtọ̀: ó ń fi àìsàn pamọ́ títí di ọjọ́ tí kò ní ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidi. Bí ẹ bá fẹ́ ra òpó àlòkù ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ gbé ti àtijọ́ yín dání, kí ẹ fi wé e ní gígùn. Èyí tó bá kúrú ju tiyín lọ, tàbí tí ike ibi bóòtù rẹ̀ ti fọ́, ó lè jẹ́ pé ara ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá ni wọ́n ti tú u. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ tún kíyè sí ọkọ̀ tí wọ́n yí sítíárìn rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, apá òsì ni sítíárìn wa sì ń wà. Àwọn ọkọ̀ tó wá láti Japan tàbí ìlú Ọba, apá ọ̀tún ni tiwọn wà, wọ́n á gé irin, wọ́n á jó irin, kó tó di apá òsì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí inú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ojú iná wẹ́dà níbi tí irin sítíárìn ti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ bi í ní ìbéèrè.

Bó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ wo nọ́ńbà VIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá gíláàsì iwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa sọ bí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá ti ní kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe tí wọn ò tíì ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Toyota pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ padà káàkiri àgbáyé, Prius wà lára wọn. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni irin tó so òpó mọ́ ráàkì: nínú àwọn kan, irin náà kò le tó, eyín rẹ̀ sì lè jẹ bí wọ́n bá ń fi agbára yí sítíárìn dé òpin léraléra. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe kòtò tiwa nìkan ló ń jẹ ẹ́.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ wà á rárá

Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀, ẹ má wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí:

- Bóòtù ọrùn oríkèé ti dẹ̀ tàbí ó ti yọ.
- Sítíárìn ń yí nígbà tí táyà kò yí.
- Sítíárìn róbótó ń fẹ́ yọ bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fà á.
- Ó ń há níbì kan bí ẹ ṣe ń yí i, tó sì tún ń já sílẹ̀ lójijì.
- Bóòtù òpó tó já tàbí tó yọ ti ju ẹyọ kan lọ.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ má fi ìbẹ̀rù tẹ bíréèkì pa. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ dẹ eré náà díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ fi máa rí etí títì.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ má tíì sanwó tán. Ẹ jókòó, kí ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kìíní àti ìkejì níwájú mẹkáníìkì. Ẹ tan ọkọ̀: iná ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá kú, tàbí tí kò tiẹ̀ tàn rárá, wáyà kan ò tíì bọ́ sípò. Ẹ wà á ní àdúgbò tí kò sí èrò, kí ẹ yí i dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá jẹ́ táí-rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ni wọ́n tú, aláímẹ́ntì di dandan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún fi sípánà kan bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ má sì bínú sí mẹkáníìkì yín. Ẹ kàn yí ìbéèrè yín padà ni. Dípò "Kí ni mo máa rà?", ẹ bi í pé "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tó ti ń mì hàn mí." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi hàn yín, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ bèèrè. Òkèèrè lolójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Bóòtù tí ẹ fún lónìí nínú ọgbà mẹkáníìkì kò ní já lọ́la lójú márosẹ̀.